Ìlà Orúkọ Nínú Ìwé Rìsíìtì

Lẹ́tà ni mo kọ́kọ́ kọ.
Mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa, mo lu òǹtẹ̀ sí i nísàlẹ̀,
ọ̀kan náà fún gbogbo ènìyàn, bí aṣọ ilé ìwé.
Àádọ́ta lẹ́tà. Èsì méjì.
Ọ̀kan ní kí n má kọ̀wé sí òun mọ́.

Nítorí àpótí kan ṣoṣo ni,
àpótí onígíláàsì tí ń mú ara ọmọ móoru,
ọmọ tí kò dúró kí oṣù rẹ̀ pé kó tó kánjú wá.
Ilé ìgbẹ̀bí wa ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta kò ní.
Òwú la fi ń wé wọn, ìgò omi gbígbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.
Nínú oṣù Òkúdù nìkan, mẹ́ta ló padà.

Nọ́ọ̀sì Rísìkátù, tí kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì,
ju ìwé rìsíìtì sí mi lọ́wọ́:
"Ẹsẹ̀ ni kí o fi kọ lẹ́tà yẹn."

Mo dé ọ̀dọ̀ Okwudili ní Ìdúmọ̀tà,
níbi tí abọ́ onírin ti ga kan àjà.
Ta ló ń tọ́jú owó? Ta ló ń yẹ̀ ẹ́ wò?
Èyí tí ẹ gbà lọ́dún tó kọjá, kí lẹ fi ṣe?
Oníbàárà wọlé, oníbàárà jáde, mo wà lórí ìdúró.
Inú bí mi. Ṣé olè ni mo jọ ni?
Àṣé ẹni tó fẹ́ kó ọwọ́ bọ àpò jinlẹ̀ ló ń wádìí jinlẹ̀.
Ó ní, "Lọ́jọ́ náà, pe orúkọ mi sókè,
pè é kí àwọn ará ìlú mi gbọ́, kó dùn wọ́n,
kí wọ́n lè lé tèmi bá."
Kì í ṣe fáàrí.
Iṣẹ́ ló rán orúkọ rẹ̀.

Fawaz, ará Lẹ́bánọ́ọ̀nù tí wọ́n bí sí Àpápá,
tó ń sọ Yorùbá bí ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó,
gbọ́ mi tán, ó ní, "Iná ńkọ́?"
N kò tíì ro iná.
Bátìrì ńlá méjì ló fi ránṣẹ́, kò fún mi ní kọ́bọ̀.

Ìyá Mautin na agbọ̀n ẹja yíyan sí mi láti inú ọkọ̀ ojú omi.
Rìsíìtì mi kò ní àyè fún ẹja.
Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: ẹja, agbọ̀n kan.
Àwọn nọ́ọ̀sì rà á tán kó tó di ọ̀sán.

Màmá Pinheiro ní Kámpọ́ọ̀sì
kò béèrè nípa àpótí rárá. "Ọmọ ta ni ọ́?"
A rìn títí a fi kan òkú ìyá ìyá mi,
ó ní òun jẹun níbẹ̀, ọbẹ̀ náà níyọ̀ jù.
Ìgbà yẹn ló tó tú etí ìró,
owó tó ń rùn fún kàfúrà.

Ṣùgbọ́n Málàm Lawan, oníṣáì Ọbáléndé!
Ẹgbẹ̀rún méjì náírà, ó ká a sínú ọwọ́ mi bí ẹni ń ki ni.
Kò sọ orúkọ. Èmi ni mo lọ bi ará ìtòsí rẹ̀.
Lọ́jọ́ ìkówójọ, inú mi dùn, mo pè é sókè,
mo pè é bí mo ṣe pe Okwudili.
Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.
Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kẹ́tù rẹ̀,
ó wolẹ̀, ó lọ.

Ilẹ̀ mọ́, mo lọ bẹ̀ ẹ́.
Ó po ṣáì fún mi, kò gbowó.
"Ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni mo fi owó yẹn pamọ́ sí.
Ìwọ lo ná an fún mi lójú èrò."
Ó nu ife. Ó nu òmíràn.
Ó tún ká nǹkan sínú ọwọ́ mi.

Àpótí náà ṣì wà ní èbúté Àpápá,
wọ́n ní ìwé kan kù.
Mo ṣí rìsíìtì lórí orúnkún mi.
Mo kọ ọjọ́. Mo kọ iye.
Nígbà tí mo dé ìlà orúkọ,
mo gbé bírò sókè.